Eegun Àgbọ̀n Tó Ti Joro: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ímpíláǹtì Eyín

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ nípa ímpíláǹtì, ìyẹn irin titanium tí wọ́n ń gbìn sínú eegun kó lè dúró bí gbòǹgbò eyín, ni lẹ́tà yín ti ń wọlé láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lé ọ̀rọ̀ kan: dókítà ní eegun kò tó, kí a kọ́kọ́ fi kún un. A mú méje nínú wọn dáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti yọ eyín ẹ̀yìn mi méjì nísàlẹ̀. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sanwó ímpíláǹtì ni dókítà ní eegun mi kò tó, àfi kí wọ́n fi eegun kún un, kí n sì dúró fún oṣù mẹ́fà. Ẹran ìdí eyín mi le dáadáa, kò sì dùn mí. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba owó lẹ́ẹ̀mejì ni? (Ìyá kan, Òmù-Àrán)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, mà. Ẹran ìdí eyín tó le kò sọ ohunkóhun nípa eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹran lè ki pọ́pọ́ lókè, kí eegun inú rẹ̀ ti rí tín-ín-rín bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ.

Nítorí eyín ni eegun tó di eyín mú ṣe wà. Bí a bá ń jẹun, agbára tí eyín ń tẹ̀ mọ́ ọn ló ń mú kí ara máa tún un ṣe. Ọjọ́ tí eyín bá ti kúrò, ara á gbà pé iṣẹ́ ti tán níbẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ díẹ̀díẹ̀. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló yára jù. Kí ọdún kan tó pé, ìbú eegun náà lè ti dín kù tó ìdajì. Apá tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè ló ń kọ́kọ́ lọ, torí ibẹ̀ ni ògiri rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù.

Ẹ wá bá wa ṣírò rẹ̀. Ímpíláǹtì tí wọ́n sábà ń lò níbi tẹ yín fẹ̀ tó mìlímítà 4 sí 5. Eegun gbọ́dọ̀ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kéré tán 1.5 lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti 1 lápá ahọ́n. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí 7. Bí ìbú eegun yín bá jẹ́ 4, ẹ̀gbẹ́ irin náà yóò yọ síta ni. Ti jíjìn tún wà ńbẹ̀: iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ètè àti àgbọ̀n gba inú eegun ìsàlẹ̀ kọjá, ìdí irin náà sì gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 2 jìnnà sí i. Bí wọ́n bá gún un, ètè lè kú fún oṣù gbọọrọ, nígbà mìíràn títí ayé. Ènìyàn á máa mu omi, á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀, kò ní mọ̀.

Ẹ̀síréè lásán kò lè fi ìbú eegun hàn, gíga rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn. Fọ́tò CBCT, ìyẹn ẹ̀síréè tó ń yí orí ká, ló ń fi ìbú, gíga àti ibi tí iṣan wà hàn pọ̀. Ẹ ní kí dókítà fi nọ́ńbà ìbú eegun yín hàn yín lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 5 tàbí 6, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbin irin kí wọ́n sì fi eegun kún un lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ 3 tàbí 4, ẹ̀ẹ̀mejì ni, kò sí jìbìtì níbẹ̀. Dókítà tó bá ní eegun kò tó, tí kò sì ní nọ́ńbà kankan lọ́wọ́, òun ni ká bi léèrè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á gún yín ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ibẹ̀ kú, wọ́n á la ẹran ìdí eyín, wọ́n á ṣí i kúrò lórí eegun. Wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sára eegun náà kí ẹ̀jẹ̀ lè sun jáde, torí inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun tó ń kọ́ eegun tuntun ti ń wá. Eegun tó dà bí iyanrìn, tí wọ́n ti fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn tàbí ẹ̀jẹ̀ yín pò, ni wọ́n á tò síbẹ̀. Wọ́n á fi awọ fẹ́lẹ́ kan bò ó, wọ́n lè fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́lẹ̀, wọ́n á wá fa ẹran padà bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á rán an. Ẹ má fojú kékeré wo awọ yẹn o. Ẹran ń yára hù ju eegun lọ. Bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́nà, ẹran ni yóò kún àyè náà kí eegun tó dé.

Eegun tí wọ́n dà síbẹ̀, ọ̀pá tí iṣu ń gùn ni. Eegun ti ara yín ni ìtàkùn tó ń gùn ún. Bí ọ̀pá bá ń mì, ìtàkùn kò ní dì mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ahọ́n ta ibẹ̀, tí a kì í fi eyín àtọwọ́dá tẹ̀ ẹ́, tí a sì ń dúró fún oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni wọ́n ti ń rí eegun yìí? Ẹnì kan ní ti màlúù ni, ẹlòmíràn ní ti ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti òkú ènìyàn. Mi ò fẹ́ kí ohun tí kò tọ́ wọ ara mi láìmọ̀. (Àlùfáà kan, Pákátà, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ, Àlùfáà. Wọ́n lè bu eegun lára ẹni tó ni ẹnu fúnra rẹ̀: lẹ́yìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí eyín ọgbọ́n ń hù, níwájú àgbọ̀n, tàbí ní ìbàdí bó bá jẹ́ púpọ̀ ni wọ́n nílò. Ti màlúù wà, tí wọ́n ti fi iná àti kẹ́míkà yọ gbogbo ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran inú rẹ̀ kúrò, tó fi ku kìkì èròjà líle. Hóró rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 0.25 sí 1. Ti ènìyàn tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kó tó kú náà wà, wọ́n á ṣe é, wọ́n á sì gbẹ ẹ́. Ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti ẹṣin wà. Èyí tí a fi kalsíọ́ọ̀mù àti fọ́sífééètì ṣe ní ilé iṣẹ́, tí kò ti ara ẹ̀dá kankan wá, wà pẹ̀lú.

Awọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí béèrè. Hóró eegun lè jẹ́ ti màlúù, kí awọ tí wọ́n fi bò ó jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀, torí púpọ̀ nínú awọ tó wà lọ́jà, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi dókítà nígbà náà: kí ni hóró, kí ni awọ? Ẹ ní kó fi páálí wọn hàn yín. Bovine tí ẹ bá rí lára rẹ̀, màlúù ni. Porcine ni ẹlẹ́dẹ̀. Equine ni ẹṣin. Awọ ti màlúù wà. Awọ PTFE, tí kò ti ara ẹranko wá rárá, náà wà, àmọ́ kì í yòrò, wọn yóò padà yọ ọ́. Àwọn dókítà kan tún máa ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i títí yóò fi dì bí awọ. Ó dára fún ọgbẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò kó tó tán, kò lè dá nìkan ṣe iṣẹ́ awọ tó ń pẹ́ fún oṣù mélòó kan. Ẹ béèrè kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó sún mọ́, torí dókítà ní láti pàṣẹ rẹ̀ wá. Fàtúwà kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ní tiwa, bí àlàfo bá kéré, hóró èyíkéyìí tí a ṣe dáadáa yóò ṣiṣẹ́. Bó bá tóbi, eegun tara ẹni ló ṣì ń borí, torí òun nìkan ló ní ohun alààyè nínú. Àlébù rẹ̀ ni pé ara tún lè yára kó o lọ, nígbà tí ti màlúù ń pẹ́ gan-an. Ìyẹn ló fà á tí àwọn kan fi ń pò wọ́n ní ìdajì-ìdajì. Bó bá jẹ́ odindi ègé ni wọ́n gé, síkúrúù méjì ló yẹ kó dè é, torí ẹyọ kan á jẹ́ kó máa yí. Ẹ̀yìn àgbọ̀n dára ju iwájú rẹ̀ lọ fún gígé ègé yìí. Àwọn tí wọ́n gé níwájú ló sábà ń ráhùn pé eyín iwájú ìsàlẹ̀ àwọn kú tipiri.

Ìbéèrè: Ọkadà gbá mi, eyín iwájú òkè mi kan kán mọ́ ìdí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò yọ gbòǹgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè rówó ímpíláǹtì títí di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé nǹkan kan wà tí mo lè ṣe báyìí? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ọ̀fà)

Ìdáhùn: Ó wà, àsìkò tó sì dára jù lọ lo béèrè yìí. Sọ fún dókítà pé o fẹ́ kí ó dí ihò náà lọ́jọ́ tó bá yọ gbòǹgbò. Ògiri eegun tó wà lẹ́yìn ètè níbẹ̀ kì í sábà tó mìlímítà 1, nítorí náà kí ó má fi ẹ̀mú fi agbára yí i. Irin pẹlẹbẹ tó ń gé okùn tó so gbòǹgbò mọ́ eegun ni kí ó lò, pẹ̀lú sùúrù. Yóò ha inú ihò náà mọ́, yóò yẹ ògiri rẹ̀ wò bóyá ó pé, yóò kó hóró sí i láìkì í mọ́lẹ̀ jù, yóò fi awọ dé e, yóò sì fi okùn alágbèélébùú dè é. Kò pọn dandan kí ẹran pàdé lórí rẹ̀. Bí ọyún bá wà níbẹ̀, ó lè ní kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ́.

Èyí kò ní kí eegun má dín rárá o, ó kàn ń jẹ́ kó dín níwọ̀nba ni. Láti oṣù kẹta tàbí kẹrin ló ti lè gba irin. Títí di ọdún tó ń bọ̀, eyín àtọwọ́dá tí ń yọ ni kí o lò, kí wọ́n sì gé ìdí rẹ̀ kó má tẹ ibẹ̀.

Ìbéèrè: Eyín òkè lápá ẹ̀yìn ni kò sí lẹ́nu mi. Dókítà ní òun yóò gbé nǹkan kan sókè lábẹ́ ojú mi kó lè rí àyè fi eegun sí. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí ọyẹ́ bá sì dé, imú mi kì í ṣí. (Olùkọ́ kan, Tánkẹ́, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ojú yín kò sí nínú rẹ̀, mà. Ihò ńlá kan wà lókè eyín ẹ̀yìn wa lápá òkè, atẹ́gùn ló kún inú rẹ̀, ó sì ṣí sínú imú. Bí eyín bá ti kúrò, ihò náà á máa fẹ̀ sísàlẹ̀, eegun á sì máa joro láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó ga tó mìlímítà 10 tẹ́lẹ̀ lè ku 2 tàbí 3. Irin tó bá wọ ibẹ̀ yóò yọ orí sínú ihò náà ni.

Ohun tí wọ́n fẹ́ gbé sókè ni awọ tó tẹ́ inú ihò yẹn. Ẹ rántí awọ funfun tó máa ń wà lábẹ́ èèpo ẹyin bíbọ̀. Bó ṣe fẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí eegun tó kù kò bá tó 5, wọ́n á ṣí fèrèsé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n òkè, wọ́n á rọra yọ́ awọ náà kúrò lára eegun, wọ́n á kó hóró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á rán an. Oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ni ẹ ó dúró. Bó bá tó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè gba inú ihò tí irin fẹ́ wọ̀ gan-an, kí wọ́n rọra kan ilẹ̀ ibẹ̀ sókè, kí wọ́n sì gbin irin lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ti wà nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn láti ọdún 1980, nígbà tí Boyne àti James kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kejì ni Summers gbé jáde ní ọdún 1994.

Awọ tó ya ni ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá kéré, wọ́n á fi awọ mìíràn lẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bó bá ya gbọ̀ọ̀rọ̀, dókítà tó mọṣẹ́ yóò dáwọ́ dúró, yóò rán ẹnu fèrèsé pa, yóò ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ má bá a jà. Hóró tó bá gba ibi tó ya bọ́ sínú ihò yẹn lè fa kíkẹ̀ tó le gan-an.

Ti imú tó ń dí yìí ló jẹ wá lọ́kàn jù. Bí CBCT bá fi hàn pé awọ náà wú tàbí pé omi ikun wà nínú ihò, ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí fọ́tò bá tilẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ kò gbọdọ̀ fun imú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí sínsín bá dé, ẹ la ẹnu yín sílẹ̀ kí agbára rẹ̀ gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti imú lọ́jọ́ kìíní sí ìkejì kò burú. Àmọ́ bí hóró bá ń bọ́ láti imú, tàbí tí omi tí ẹ mu bá ń gba imú jáde, ẹ má dúró di ọjọ́ àdéhùn.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Ramadan ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ mi sí. Ṣé mo lè gba ààwẹ̀? (Alhaja kan, Gérí Àlímì)

Ìdáhùn: Ẹ sún un, Alhaja. Ẹ ó ní oògùn tí ẹ ó máa lò ní ojúmọmọ, ẹnu kò sì gbọdọ̀ gbẹ. Ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n máa ń tú okùn. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú tàbí lẹ́yìn ọdún. Ní ti oúnjẹ: ẹ̀kọ tó ti tutù, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, àti wàrà tí a kò dín, tó rọ̀, tó sì ń ṣara lóore. Ẹ jìnnà sí gúgúrú, kúlíkúlí àti obì; èèpo gúgúrú bá há sábẹ́ okùn, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí wọ́n fi eegun sí mi lẹ́nu. Ohun bí iyanrìn ń jáde, funfun kan sì hàn níbi tí wọ́n rán. Mò ń fi omi iyọ̀ gbígbóná ṣan án gidigidi, mo sì ń fi pákò fọ ibẹ̀. (Bàbá kan, Ìgbàjà)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ fi pákò sílẹ̀ níbẹ̀ lónìí, ẹ má ṣan ẹnu gidigidi mọ́, ẹ má sì tutọ́ tagbáratagbára. Hóró bíi mélòó kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kẹta, ó túmọ̀ sí pé ẹran ti là lórí ohun tí wọ́n fi síbẹ̀.

Ohun tó sábà ń fà á ni pé ẹran tí wọ́n fà bò ó fún jù. Bí eegun bá pọ̀ sí i lábẹ́, ẹran gbọ́dọ̀ gùn sí i. Ó yẹ kí dókítà gé awọ tó wà nínú ẹran náà fúnra rẹ̀ kó lè nà, kí etí méjèèjì pàdé láìfagbára fà á. Eyín àtọwọ́dá tó ń tẹ ibẹ̀ náà ń fà á, bẹ́ẹ̀ sì ni sìgá, torí ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Ẹ padà lọ kí ọjọ́ méjì tó pé. Kí ó tó dìgbà náà, ẹ gba chlorhexidine ti ìṣanu, ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Mìlílítà 10, ìṣẹ́jú kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má fọwọ́ fa funfun yẹn. Bó bá jẹ́ awọ tó ń yòrò ni, ẹran sábà máa ń padà bò ó, ẹ ó kàn pàdánù díẹ̀ nínú eegun. Bó bá jẹ́ irin alásẹ́ tí àwọn dókítà kan ń lò dípò awọ ni, wọ́n lè fi í sílẹ̀ kí ẹ máa fọ̀ ọ́. Odindi ègé eegun tó yọ síta ni kì í sábà yè tán. Wọ́n á gé ibi tó yọ. Bí ọyún, òórùn tàbí wíwú tó ń pọ̀ sí i bá wà, wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ jáde, ẹ ó dúró fún oṣù méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó tún un ṣe. Wíwú ti iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló ń ga jù, lẹ́yìn ìyẹn ó yẹ kó máa lọ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 74 ni bàbá wa, wọ́n ní àtọ̀gbẹ, kò sì sí eyín kan nísàlẹ̀ ẹnu wọn. Eyín àtọwọ́dá wọn ń fò sókè bí wọ́n bá ń jẹ àmàlà. Wọ́n ní eegun ìbàdí ni àwọn yóò gé sí wọn lẹ́nu. Ṣé wọ́n lè là á já? (Àwọn ọmọ, Ajàṣẹ́-Ìpo)

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ mọ nọ́ńbà HbA1c wọn, èyí tó ń fi ìwọ̀n ṣúgà oṣù mẹ́ta hàn. Bó bá wà lábẹ́ 7, ó dára. Bó bá ju 8 lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn, torí ọgbẹ́ kò ní tètè jiná, yóò sì tètè kẹ̀. Ẹ tún wo oògùn wọn. Bí alendronate tàbí abẹ́rẹ́ zoledronic acid, àwọn oògùn fún eegun tó ń joro, bá wà níbẹ̀, kí dókítà eyín gbọ́ kó tó fọwọ́ kan eegun, torí eegun àgbọ̀n lè kú lórí àwọn oògùn yẹn. Oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má dì náà, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Gígé eegun ìbàdí nílò oorun iṣẹ́ abẹ àti ilé ìwòsàn ńlá, wọn yóò sì máa tiro fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ orí wọn, a kò ní yá lórí rẹ̀. Ẹ béèrè èrò kejì, bóyá ní ẹ̀ka eyín UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, pẹ̀lú ìbéèrè yìí pàtó: ṣé ímpíláǹtì méjì níwájú kò lè tó? Iwájú àgbọ̀n ìsàlẹ̀, láàárín ibi méjì tí iṣan ti ń jáde, ni eegun ti ń pẹ́ jù kó tó joro, ó sì sábà máa ń gba irin láìfi eegun kún un. Láti ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Yunifásítì McGill ní Kánádà ti fẹnu kò pé irin méjì pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá tó ń kàn mọ́ wọn ló yẹ kó jẹ́ àṣàyàn àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò ní eyín kankan nísàlẹ̀. Wọ́n á gbin irin, wọ́n á dúró fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, wọ́n á wá fi bọ́tìnnì sábẹ́ eyín náà tí yóò máa kàn pá mọ́ orí irin. Rọ́bà inú bọ́tìnnì yẹn ló ń jẹ. Ẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń rọ̀, ó sábà máa ń tó ọdún kan. Kí bàbá máa yọ eyín náà lálẹ́, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ orí irin méjèèjì.